Ilé Tí Ó Ń Fi Ara Rẹ̀ Ṣe Ibòòji: Àfiwé Àwọn Ilé Arieh Sharon ní Ifẹ̀ Pẹ̀lú Ti Ìbàdàn àti Ti Amẹ́ríkà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ilé là á wò kí á tó sọ ọmọ lórúkọ. Bí a bá gbé òwe yìí wá sí ìdí iṣẹ́ ilé kíkọ́, a lè sọ pé ilẹ̀, oòrùn àti òjò ló yẹ kí á wò kí á tó ya àwòrán ilé. Ẹni tí ó bá wọ ọkọ̀ ní Sábó, nílùú Ilé-Ifẹ̀, tí ó ń lọ sí ọgbà Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, yóò rí i pé kì í ṣe gbogbo onílé ló ka ọ̀rọ̀ yìí sí. Yóò rí ilé alámọ̀ tí páànù orí rẹ̀ ti dípẹtà. Yóò rí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì alábúlọ́ọ̀kù tí yàrá kọjú sí yàrá. Yóò rí ilé tuntun onígíláàsì tí òrùlé rẹ̀ sá pamọ́ sẹ́yìn ògiri. Nígbà tí ó bá wá gba Road 1 wọ inú ọgbà náà lọ dé àárín rẹ̀, irú ilé mìíràn ni yóò bá pàdé: ilé tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ kéré, tí òkè rẹ̀ sì gbòòrò, bí ẹni pé wọ́n dorí rẹ̀ kodò.

Àìmọye ènìyàn ló ti ya fọ́tò níwájú àwọn ilé wọ̀nyí lọ́jọ́ tí wọ́n gboyè jáde, ṣùgbọ́n díẹ̀ nínú wọn ló mọ ìdí tí wọ́n fi rí bẹ́ẹ̀. Àwọn kan rò pé àrà lásán ni ẹni tí ó ya àwòrán wọn fẹ́ dá. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ẹ̀kọ́ kan náà, tí ó ti ilé-ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo ní Jámánì jáde, ló wà lẹ́yìn ilé Ifẹ̀, tí ọwọ́ rẹ̀ dé àwọn ilé àkọ́kọ́ ní Yunifásítì Ìbàdàn, tí ó sì wà nínú ilé onípákó kan tí ó gbajúmọ̀ ní Amẹ́ríkà. Bí ẹ̀kọ́ náà ṣe yí padà láti ibì kan sí èkejì ni a fẹ́ fi wé ara wọn níhìn-ín, nítorí pé ó kan ẹnikẹ́ni tí ó bá ń gbèrò láti fi ìpìlẹ̀ ilé lélẹ̀ lónìí.

Ta ni Arieh Sharon?

Ọdún 1900 ni wọ́n bí Arieh Sharon ní ìlú Jarosław, tí ó wà ní orílẹ̀-èdè Poland lónìí. Ní ọdún 1920, ó kó lọ sí Palestine, ó sì dara pọ̀ mọ́ àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ń gbé abúlé àjùmọ̀ní tí wọ́n ń pè ní kibbutz, níbi tí wọ́n ti ń dáko pọ̀, tí wọ́n sì ń jẹun pọ̀. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ ilé kíkọ́ ti wọ̀ ọ́ lára. Ní ọdún 1926, ó gba Jámánì lọ láti kẹ́kọ̀ọ́ ní Bauhaus, ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà àti ilé kíkọ́ tí Walter Gropius dá sílẹ̀ ní ìlú Weimar ní ọdún 1919, tí wọ́n sì ti gbé lọ sí ìlú Dessau nígbà tí Sharon débẹ̀.

Ní Bauhaus, wọn kì í sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ pé kí ó kọ́kọ́ wá ẹwà. Wọ́n á ní kí ó béèrè pé: iṣẹ́ wo ni ilé yìí yóò máa ṣe? Ta ni yóò máa gbé inú rẹ̀? Apá ibo ni oòrùn yóò ti máa wọlé? Èló ni yóò náni? Ìdáhùn sí àwọn ìbéèrè wọ̀nyí ni yóò pinnu bí ilé náà yóò ṣe rí. Wọn kò fẹ́ ọ̀ṣọ́ tí kò níṣẹ́, wọ́n sì fẹ́ràn irin, gíláàsì àti kọnkéré, nítorí pé ilé-iṣẹ́ ńláńlá lè pèsè wọn lọ́pọ̀ yanturu fún ilé mẹ̀kúnnù. Hannes Meyer, tí ó gba ipò olórí lọ́wọ́ Gropius ní ọdún 1928, tẹnu mọ́ èyí ju ti ìṣáájú lọ. Sharon gboyè ní ọdún 1929, ó sì bá Meyer ṣiṣẹ́ lórí ilé-ẹ̀kọ́ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tí wọ́n kọ́ sí Bernau, lẹ́bàá Berlin. Ní ọdún 1933, ẹgbẹ́ òṣèlú Hitler fúngun mọ́ Bauhaus títí tí wọ́n fi tì í pa, àwọn olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ sì fọ́n káàkiri ayé.

Sharon ti padà sí Palestine ní ọdún 1931. Ó kọ́ ilé àjùmọ̀gbé fún àwọn òṣìṣẹ́ ní Tel Aviv, èyí tí ó jẹ́ pé ilé ló yí àgbàlá ká. Nígbà tí orílẹ̀-èdè Israel dáyé ní ọdún 1948, òun ni ìjọba fi ṣe olórí àwọn tí yóò ṣètò ìlú tuntun. Ní ọdún 1962, wọ́n fún un ní àmì ẹ̀yẹ tí ó ga jù lọ ní orílẹ̀-èdè náà fún iṣẹ́ ilé yíyà. Ọkùnrin yìí ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà bá lò fún yunifásítì rẹ̀.

Bí Ó Ṣe Dé Ilé-Ifẹ̀

Ọdún 1960 tí Nàìjíríà gba òmìnira ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn pinnu láti dá yunifásítì tirẹ̀ sílẹ̀. Ọdún kan náà ni Sharon kọ́kọ́ wá sí ilẹ̀ wa nípa iṣẹ́ náà. Ọmọ rẹ̀, Eldar Sharon, bá a lọ́wọ́ sí i, bẹ́ẹ̀ náà ni Harold Rubin, ọmọ bíbí South Africa, àti àwọn ayàwòrán-ilé ọmọ Nàìjíríà tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ nínú ilé-iṣẹ́ Egboramy. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1962, yunifásítì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú akẹ́kọ̀ọ́ 244 nínú ilé àyálò ní Ìbàdàn, bí iṣẹ́ ti ń lọ lọ́wọ́ ní Ifẹ̀. Oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1967 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kó wá sí Ilé-Ifẹ̀, nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Hezekiah Olúwasànmí jẹ́ gíwá. Ní ọdún 1975, ìjọba àpapọ̀ gba ilé-ẹ̀kọ́ náà. Ní ọdún 1987, lẹ́yìn ikú Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ ọ́.

Ilẹ̀ tí wọ́n fún wọn lé ní 11,000 ẹ́kítà. Sharon kò tú ilé ká sórí gbogbo rẹ̀. Ó kó àwọn ilé ẹ̀kọ́, ilé ìkàwé, ilé àwọn aláṣẹ àti gbọ̀ngàn ńlá jọ sí àárín kan ní ẹsẹ̀ àwọn òkè olókùúta, kí akẹ́kọ̀ọ́ lè fi ẹsẹ̀ rìn láti ìkan dé èkejì. Ó fi igbó àti òkè sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ó ti bá wọn.

Àwọn Ilé Humanities: Àjà Òkè Ni Agboòrùn

Àwọn ilé Humanities ló kọ́kọ́ mú kí orúkọ Ifẹ̀ tàn láàrin àwọn ayàwòrán-ilé lágbàáyé. Ìlànà wọn rọrùn láti sọ: àjà kọ̀ọ̀kan yọ síta ju èyí tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ lọ. Bí ilé ṣe ń ga sí i ló ń gbòòrò sí i. Ìsàlẹ̀ pátápátá ṣí sílẹ̀ láàrin àwọn òpó, atẹ́gùn ń gba ibẹ̀ kọjá, ènìyàn sì lè dúró síbẹ̀ lójò tàbí lóòrùn. Àwọn tí ó bá mọ ibojì gíga àwọn ọba Íjíbítì nínú àwòrán yóò rí i pé irú rẹ̀ tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀ ni èyí.

Kí ni ó fà á? Ilé-Ifẹ̀ wà ní nǹkan bí dígírì méje ààbọ̀ sí àríwá ìlà tí ó pín ayé sí méjì. Nítorí náà, ní ọ̀sán gangan, oòrùn a máa fẹ́rẹ̀ẹ́ wà lókè orí wa. Ní ìparí oṣù Kẹfà, a máa tẹ̀ díẹ̀ sí àríwá. Ní ìparí oṣù Kejìlá, a máa tẹ̀ sí gúúsù jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ògiri bá ga ní mítà 3, tí ó sì kọjú sí gúúsù, ohun tí ó bá yọ síta lókè rẹ̀ ní nǹkan bí mítà 1.8 yóò fi ibòòji bo gbogbo rẹ̀ lọ́sàn-án gangan oṣù Kejìlá, tí oòrùn tẹ̀ jù lọ. Ní ìhà àríwá, kò nílò tó mítà 1. Ṣùgbọ́n lówùúrọ̀ àti nírọ̀lẹ́, oòrùn a máa rẹlẹ̀, yóò sì dojú kọ ògiri ìlà-oòrùn àti ti ìwọ̀-oòrùn tààrà. Kò sí etí òrùlé tí ó lè dá irú oòrùn bẹ́ẹ̀ dúró. Ìdí nìyí tí ayàwòrán-ilé tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ nílẹ̀ wa yóò fi jẹ́ kí ilé gùn láti ìlà-oòrùn sí ìwọ̀-oòrùn, tí yóò sì kó fèrèsé sí àríwá àti gúúsù.

Ohun tí àwọn ilé Humanities ṣe ni pé wọn kò yá agboòrùn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Àjà òkè ni agboòrùn àjà ìsàlẹ̀. Ibi tí ó ń fúnni ní ibòòji gan-an ni ọ́fíìsì àti yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ wà. Òjò tí ó bá ń rọ̀ gbọnrangandan kò lè tètè kan fèrèsé, nítorí náà ènìyàn lè ṣí fèrèsé sílẹ̀ lákòókò òjò kí ooru má bàa mú un. Wọ́n kọ́ ilé wọ̀nyí láti máa mí fúnra wọn, láìgbé ara lé ẹ̀rọ amúlétutù.

Gbọ̀ngàn Odùduwà: Àwòrán Kan, Ojú Méjì

Bí a bá fi àwọn ilé Humanities wé Gbọ̀ngàn Odùduwà, tí wọ́n kọ́ lẹ́yìn wọn, a ó rí i pé Sharon àti àwọn ẹmẹ̀wà rẹ̀ kò fi ìdáhùn kan dáhùn gbogbo ìbéèrè. Yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ ń fẹ́ ìmọ́lẹ̀ àti atẹ́gùn láti ẹ̀gbẹ́. Gbọ̀ngàn eré kò fẹ́ ìmọ́lẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ rárá; ohun tí ó ń fẹ́ ni kí ohùn dé etí ẹni tí ó jókòó sẹ́yìn pátápátá. Nítorí náà, ògiri gbọ̀ngàn náà nípọn, ó sì pa dé. Ṣùgbọ́n pèpéle rẹ̀ ní ojú méjì: ìkan kọjú sí inú gbọ̀ngàn tí ó ní òrùlé, èkejì kọjú sí ìta, sí àwọn ìjókòó tí wọ́n tò ní àtẹ̀gùn-àtẹ̀gùn lábẹ́ sánmà. Ẹni tí ó bá mọ bí eégún àti alárìnjó ṣe ń ṣeré lójú agbo nílẹ̀ Yorùbá yóò mọ̀ pé ìta gbangba ni ilé eré wa láti ìbẹ̀rẹ̀. Òjò ló ń mú wa wọlé, kì í ṣe eré.

Nǹkan mìíràn tún wà. Lára ògiri àwọn ilé Humanities, kò sí ọ̀ṣọ́ púpọ̀. Ibòòji ni ọ̀ṣọ́ wọn. Ṣùgbọ́n lára Gbọ̀ngàn Odùduwà, wọ́n ya àwọn àrà tí ó fara jọ ọnà Yorùbá. Akẹ́kọ̀ọ́ Bauhaus tí wọ́n kọ́ pé kí ó má ṣe ọ̀ṣọ́ ti wá mọ̀ pé ní Ifẹ̀, ọnà kì í ṣe àfikún, ara ohun tí ilé ń sọ ni.

Ìbàdàn: Ògiri Oníhò

Ẹ jẹ́ kí á wá wo Ìbàdàn. Ọdún 1948 ni wọ́n dá ilé-ẹ̀kọ́ gíga tí ó di Yunifásítì Ìbàdàn sílẹ̀, nígbà tí òyìnbó ṣì ń ṣàkóso. Tọkọtaya ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, Maxwell Fry àti Jane Drew, ló ya àwòrán àwọn ilé àkọ́kọ́ tí wọ́n kọ́ ní ọgbà tí ó wà títí dòní. Fry náà ní okùn tí ó so ó mọ́ Bauhaus: láàrin ọdún 1934 sí 1936, lẹ́yìn tí Gropius sá kúrò ní Jámánì, òun àti Fry ló jọ ń ṣiṣẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní ọdún 1956, Fry àti Drew tẹ ìwé kan jáde lórí ilé kíkọ́ ní ilẹ̀ olóoru olómi, iṣẹ́ tí wọ́n ṣe ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni wọ́n sì fi ṣe àpẹẹrẹ púpọ̀ nínú rẹ̀.

Ilé Ìkàwé Kenneth Dike ni ẹni tí ó bá fẹ́ lóye ọ̀nà wọn yẹ kí ó lọ wò. Ilé náà gùn, ó sì tẹ́ẹ́rẹ́, kí atẹ́gùn tí ó bá wọlé níhà kan lè tètè jáde níhà kejì. Wọ́n fi ọ̀dẹ̀dẹ̀ sí ìta, wọ́n sì fi kọnkéré oníhò ṣe aṣọ ìkélé fún un. Ihò wọ̀nyí ń gba atẹ́gùn wọlé, wọ́n ń fọ́ ìtànṣán oòrùn sí wẹ́wẹ́, wọ́n sì ń ṣe ilé lọ́ṣọ̀ọ́.

Ìyàtọ̀ wọn rèé: Ìbàdàn fi aṣọ bo ara, Ifẹ̀ fi ara ṣe aṣọ. Ọ̀nà kọ̀ọ̀kan ní àǹfààní tirẹ̀, ó sì ní àléébù tirẹ̀. Ògiri oníhò kò náni lówó púpọ̀, bíríkìlà àdúgbò sì lè ṣe é. Bí ìkan bá fọ́, a lè yọ ọ́ kí á fi òmíràn dípò. Ṣùgbọ́n eruku ọyẹ́ ń wọnú rẹ̀, òjò oníjì sì ń gba ibẹ̀ wọlé. Ọ̀nà ti Ifẹ̀ ń fúnni ní ibòòji tí ó gbòòrò, tí ẹni tí ń kọjá lọ nísàlẹ̀ pàápàá ń jẹ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n àjà tí ó yọ síta wúwo, irin tí ó wà nínú rẹ̀ ló gbé e dúró, bí omi bá sì dé ara irin yẹn, àtúnṣe rẹ̀ kì í ṣe iṣẹ́ kékeré.

Amẹ́ríkà: Ilé Gropius àti Ilé Wright

Gropius fúnra rẹ̀ kò dúró ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní ọdún 1937, ó lọ ṣe olùkọ́ ní Yunifásítì Harvard ní Amẹ́ríkà, nígbà tí ó sì di ọdún 1938, ó kọ́ ilé kan fún ara rẹ̀ àti ẹbí rẹ̀ ní ìlú kékeré Lincoln, ní ìpínlẹ̀ Massachusetts. Ìlú onísìnmáàpù, onídìnmọ́ yìnyín ni ibẹ̀, òtútù rẹ̀ sì ń mú ní oṣù Kejìlá. Gropius kò gbé ilé Dessau lọ síbẹ̀ lódindi. Ó wo ohun tí àwọn ará ibẹ̀ fi ń kọ́lé, ó lo pákó tí wọ́n kùn ní funfun, ó sì lo òkúta àdúgbò fún ìpìlẹ̀. Òrùlé rẹ̀ pẹrẹsẹ, fèrèsé rẹ̀ fẹ̀. Ó fi yàrá onínẹ́ẹ̀tì kan kún ẹ̀yìn ilé, kí wọ́n lè máa gba atẹ́gùn lásìkò ooru láìjẹ́ kí ẹ̀fọn jẹ wọ́n.

Ibi tí ó yẹ kí á fi wé Ifẹ̀ ni ìhà gúúsù ilé náà. Gropius jẹ́ kí etí òrùlé yọ síta níbẹ̀. Ní Lincoln, oòrùn ọ̀sán oṣù Kẹfà ga tó nǹkan bí dígírì 71, etí òrùlé yóò sì dá a dúró. Ti oṣù Kejìlá kò ju nǹkan bí dígírì 24 lọ, nítorí náà yóò gba abẹ́ òrùlé wọlé, yóò sì mú ilé gbóná. Ọgbọ́n ibẹ̀ ni láti lé oòrùn síta fún ìgbà díẹ̀ kí á sì pè é wọlé fún ìgbà díẹ̀. Ní Ifẹ̀, kò sí oṣù tí a nílò láti pe oòrùn wọlé. Ìdí nìyí tí etí òrùlé kékeré ti Lincoln fi di odidi àjà ilé ní Ifẹ̀. Ìbéèrè kan náà ni olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ béèrè. Ojú ọjọ́ ló fún wọn ní ìdáhùn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

A kò lè sọ̀rọ̀ ilé ìgbàlódé Amẹ́ríkà kí á má dárúkọ Frank Lloyd Wright, tí ó gbé ayé láti ọdún 1867 sí 1959. Òun kò kẹ́kọ̀ọ́ ní Bauhaus. Ó ti kọ́ Robie House ní Chicago, tí etí òrùlé rẹ̀ yọ jìnnà réré, tó bí ọdún mẹ́sàn-án kí Bauhaus tó dáyé. Láàrin ọdún 1936 sí 1939 ni wọ́n kọ́ ilé rẹ̀ tí òkìkí rẹ̀ kàn jù, Fallingwater, ní Pennsylvania. Pẹpẹ kọnkéré ilé yìí yọ síta lórí omi tí ń ṣàn wálẹ̀ láti orí àpáta. Ẹni tí ó bá rí àwòrán rẹ̀ lè rántí àwọn ilé Humanities. Ṣùgbọ́n nítorí kí onílé lè jókòó sórí omi ni Wright ṣe yọ pẹpẹ tirẹ̀ síta. Nítorí ẹni tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ ni Sharon ṣe yọ tirẹ̀. Pẹpẹ Fallingwater bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ wálẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti kọ́ ọ, títí ó fi tẹ̀ tó nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 18. Ní ọdún 2002, wọ́n fi okùn irin fà á le kí ó má bàa wó. Ẹ̀kọ́ ńlá nìyí fún Ifẹ̀: ohun tí ó bá yọ síta kì í dúró láìsí ìtọ́jú.

Ilé Àwọn Baba Wa

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé òyìnbó ló kọ́ wa ní ibòòji. Nínú agbo-ilé Yorùbá àtijọ́, yàrá yí àgbàlá ká, ọ̀dẹ̀dẹ̀ sì wà níwájú yàrá. Òrùlé sọ̀ kalẹ̀ sínú àgbàlá, ó yọ kọjá ògiri, ó sì dúró lórí òpó. Abẹ́ rẹ̀ ni àwọn àgbà ń jókòó sí, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń dáná, ibẹ̀ ni ọmọdé ti ń ṣeré. Òjò ń ṣàn láti orí òrùlé sínú ìkòkò. Ògiri amọ̀ nípọn. Kí ooru ọ̀sán tó gbà á kọjá, ilẹ̀ ti ṣú. Ní Ilé-Ifẹ̀, wọ́n tún fi àpáàdì tẹ́ àgbàlá àti ojú ọ̀nà kí ẹsẹ̀ má bàa rì sínú ẹrẹ̀. Àwọn awalẹ̀pìtàn ti hú púpọ̀ nínú rẹ̀ jáde, ìtàn ìlú sì so ó mọ́ orúkọ Lúwo, obìnrin tí ó jẹ Ọọ̀ni. Bákan náà ni ti àwọn Hausa, tí àdúgbò Sábó gba orúkọ láti inú èdè wọn: ní ilé wọn látijọ́, ènìyàn yóò kọ́kọ́ gba yàrá àbáwọlé kọjá kí ó tó dé àgbàlá tí yàrá yí ká.

Bí a bá gbé gbogbo rẹ̀ wò, ọ̀dẹ̀dẹ̀ agbo-ilé, ògiri oníhò Ìbàdàn àti àjà gbígbòòrò Ifẹ̀, ọmọ ìyá ni wọ́n. Gbogbo wọn ló fi ohun kan sáàárín oòrùn àti yàrá, tí wọ́n sì jẹ́ kí atẹ́gùn rí ọ̀nà kọjá.

Ohun Tí A Ń Sọnù

Wàyí o, ẹ wo ilé tí à ń kọ́ báyìí. Àṣà tí ó gbòde ni pé kí wọ́n mọ ògiri sókè kọjá òrùlé, kí páànù má bàa hàn. Ilé bẹ́ẹ̀ kò ní etí òrùlé rárá. Oòrùn ń lu ògiri láti àárọ̀ di alẹ́, òjò ń ṣàn lára fèrèsé, omi sì ń dúró sínú kòtò tí ó wà láàrin páànù àti ògiri, títí yóò fi jò sínú yàrá. Wọ́n á tún fi gíláàsì ńlá sí ìhà ìwọ̀-oòrùn. Onílé kò ní lè sùn láìsí ẹ̀rọ amúlétutù. Bí iná bá lọ, jẹnẹrétọ̀ ló kù. Láti oṣù Karùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba àpapọ̀ ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù, olúkúlùkù ti mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí fún àpò rẹ̀. Àṣìṣe tí a ṣe lórí àwòrán ilé lọ́jọ́ kan, a ó máa san owó rẹ̀ lóṣooṣù títí ilé náà yóò fi wó.

Àwọn ilé Ifẹ̀ pàápàá wà nínú ewu. Yunifásítì tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú akẹ́kọ̀ọ́ 244 ti ní ju 30,000 lọ báyìí. Nígbà tí èrò bá pọ̀ tó báyìí, ojú ènìyàn á máa lọ sí ibi tí ó ṣófo: wọ́n á fẹ́ mọ ògiri dí abẹ́ ilé tí ó ṣí sílẹ̀, wọ́n á fẹ́ dí fèrèsé kí ẹ̀rọ amúlétutù lè ṣiṣẹ́. Bí wọ́n bá dí ọ̀nà atẹ́gùn, ilé tí wọ́n kọ́ kí ó máa mí yóò di ilé tí a ń fún lọ́rùn. Kọnkéré náà ní ọ̀tá tirẹ̀. Bí omi bá gba ojú ibi tí ó sán wọlé dé ara irin, irin yóò dípẹtà. Irin tí ó dípẹtà ń wú, bí ó bá sì wú, yóò ta kọnkéré dànù. Ẹni tí ó kàn lẹ sìmẹ́ńtì mọ́ ojú ibẹ̀ kò tíì ṣe nǹkan kan. Ibi tí omi ti ń wọlé ló yẹ kí á kọ́kọ́ wá, kí á dí i, kí á fọ ìpẹtà kúrò lára irin, kí á tó tún un rẹ́.

Ní Chicago, ìgbà méjì ni àwọn tí ó ni Robie House fẹ́ wó o, ní ọdún 1941 àti 1957. Ní ìgbà kejì, Wright fúnra rẹ̀, tí ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé 90 ọdún, lọ síbẹ̀ láti bá wọn jà. Wọn kò wó o. Ní ọdún 2019, àjọ UNESCO fi ilé náà, Fallingwater àti mẹ́fà mìíràn nínú iṣẹ́ Wright sínú àkójọ àwọn ohun àjogúnbá àgbáyé. Ọdún yẹn náà ni wọ́n ṣe àjọyọ̀ 100 ọdún Bauhaus, tí Zvi Efrat, ayàwòrán-ilé ọmọ Israel, sì gbé fíìmù kan jáde lórí ọgbà Ifẹ̀, tí ó pè é ní èyí tí ó rẹwà jù lọ ní Áfíríkà. Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo ti wà nínú àkójọ UNESCO láti ọdún 2005, ṣùgbọ́n kò sí ilé ìgbàlódé kankan láti Nàìjíríà níbẹ̀. Kò yẹ kí á dúró de UNESCO kí á tó fọ ojú àgbàrá orí òrùlé wa.

Fún ẹ̀yin tí ẹ ń múra láti kọ́lé, yálà ní Sábó ni o, yálà ní ibòmíràn, ẹ béèrè nǹkan mẹ́rin lọ́wọ́ ẹni tí ó bá fẹ́ ya àwòrán ilé yín. Àkọ́kọ́, ṣé ìhà tí ó gùn jù kọjú sí àríwá àti gúúsù? Èkejì, mítà mélòó ni òrùlé fi yọ kọjá ògiri? Ẹ̀kẹta, ṣé yàrá kọ̀ọ̀kan ní fèrèsé níhà méjì, kí atẹ́gùn lè wọlé kí ó sì jáde? Ẹ̀kẹrin, níbo ni omi òjò yóò gbà lọ, ta ni yóò sì lè gun ibẹ̀ láti nù ún mọ́? Bí kò bá rí ìdáhùn sí i, ẹ má tíì san owó fún un. Ilé ni kí á kọ́, kí á má ṣe kọ́ ààrò.